Ohun tí Gílóòbù Tútù Kọ́ Mi

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yan iṣẹ́ ló máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ iná ṣì tọ́ sí kíkọ́. N kì í dáhùn kíákíá, nítorí pé ìdáhùn kíákíá ti kó bá mi rí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà nílùú Jos kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní àárín rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n pa á tì, nítorí àwọn òròmọdìyẹ kan tó kú lọ́wọ́ ẹ̀rọ mi, àti nítorí obìnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta oko rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. N ó sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ lè fúnra yín ṣe ìdájọ́.

Ará Èkìtì ni àwọn òbí mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi wá sí Jos, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn: mo parí ilé ìwé, bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, nígbà tí wọ́n sì fi máa dìde, mo ti di ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀gá Ajílóre ni orúkọ ọkùnrin náà, Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwakùsà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò Angwan Rogo, yàrá kan ṣoṣo láàárín télọ̀ kan àti obìnrin Hausa kan tó ń dín kosai, èyí tí àwa ń pè ní àkàrà. Odindi ọdún kìíní, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà. Ìwé àkọsílẹ̀ ló fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé rédíò wá, mo gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹni náà sọ, ohun tí ojú mi rí, àti ohun tí mítà tí a fi ń wọn iná sọ, kí n tó tú síkúrù kan ṣoṣo. Bí mo bá sọ ohun tí n kò wọ̀n, yóò ti jígí ojú rẹ̀ sókè.

“Jídé, ṣé mítà ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ẹnu rẹ?”

“Ẹnu mi ni, Ọ̀gá.”

“Ẹnu rẹ kò ní bátìrì. Padà lọ wọ̀n ọ́n.”

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣọ́ọ̀ṣì kan wá. Tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ ti jó. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ohun kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ń ṣe bí ilẹ̀kùn fún iná: ó lè ṣí, ó lè tì, láìsí irin kankan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi tuntun sí i, òun náà jó. Mo fi òmíràn sí i, ó jó. Ọ̀gá jókòó, ó ń mu tíì títí ẹ̀kẹta fi jó.

“Ó ti di mẹ́ta,” ó ní. “Ọjọ́ wo lo fẹ́ ṣe ìsìnkú wọn?”

Mo nawọ́ sí ẹ̀kẹrin.

“Tíránsísítọ̀ kì í pa ara rẹ̀. Ẹrù tí a gbé lé e lórí ni kí o lọ wò.”

Mo wọn ẹnu agbóhùnsókè náà, mo sì rí i pé wáyà inú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra. Bí mo bá fún un ní ọgọ́rùn-ún tíránsísítọ̀, gbogbo wọn ni yóò pa.

Ọkùnrin náà le, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá na ọmọ, tòsì a fà á mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Jos mọ̀ pé ìka tó bá ti gan kò lè mú síkúrù kékeré. Nítorí tiwa, Ọ̀gá to gílóòbù iwájú lọ́rì mẹ́rin sórí tábìlì iṣẹ́, ó so wọ́n mọ́ bátìrì àtijọ́ kan, a sì ń tàn wọ́n láti òwúrọ̀ kùtù kí a lè máa yá ọwọ́ wa níbẹ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, irú gílóòbù mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí tábìlì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà, bí ẹ ó ṣe rí i.

Ohun èlò yí padà lójú mi. Irin tí a ń fi èédú mú gbóná di irin oníná. Mítà alábẹ́rẹ́ di mítà tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Rédíò onígíláàsì tí ọkùnrin méjì ń gbé wọlé di èyí tó ń wọ àpò. Mo ń kọ́ èyí tí mo lè kọ́ nínú wọn, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Oníbàárà gbà pé mo mọṣẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó ṣọ́ra jù.

Mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà tí Ìyá Tíṣà wá bá mi. Ọmọ Oǹdó ni. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Plateau títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ní oko adìyẹ kékeré kan lójú ọ̀nà Vom. Ìṣòro rẹ̀ ni pé iná ìjọba máa ń lọ, òtútù a sì mú àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀. Bí ó bá gbé sítóòfù kẹrosíìnì sí wọn, èéfín a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo lè ṣe. Bátìrì lọ́rì yóò máa gba agbára nígbà tí iná bá wà. Gílóòbù mẹ́rin yóò máa fún yàrá ní ooru. Àpótí kékeré kan yóò máa gbọ́ bí yàrá ṣe gbóná tó, tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ yóò sì máa tan gílóòbù, yóò máa pa wọ́n.

“Màmá, kò ní sí iṣẹ́ fún yín mọ́ ju kí ẹ fún wọn lóúnjẹ lọ.”

“Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé kò ní sí iṣẹ́ fún mi,” ó ní. “Mo sì fẹ́ ẹ.”

Mo ṣe àpótí náà tán ní àárọ̀ ọyẹ́ kan. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí tábìlì ti ń tàn fún bí i wákàtí kan, n kò sì fẹ́ kí ọwọ́ mi tutù. Nítorí náà mo so àpótí mọ́ wọn kí n tó yọ wáyà àtijọ́ kúrò, kí iná má baà kú rárá. Lẹ́yìn náà mo ń fi àpótí pa á, mo ń tàn án padà lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́ràn nígbà ogún. Mo wọn iná tó ń gba inú tíránsísítọ̀ kọjá, kò tó ìdajì ohun tó lè gbé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yege, mo sì lọ so ó sí yàrá adìyẹ Ìyá Tíṣà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ òròmọdìyẹ kan dé, Ìyá Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ó gbé e lé tábìlì.

“Iná rẹ kò kú mọ́,” ó ní. “Mo jí, mo bá yàrá bí inú ààrò. Wọ́n ti sá sí igun kan, wọ́n gun ara wọn lórí. Díẹ̀ ló kù.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá.”

“N kò tíì bínú. Bí àyè bá ṣí, n ó bínú. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“N kò mọ̀, Màmá.”

Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó ní Alhaji tó ni oko ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ti bi òun lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun yóò ta ilẹ̀ náà, òun sì ti ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀wọ́ òròmọdìyẹ tó ń bọ̀.

“Bí àwọn yẹn náà bá kú, n ó tà á, n ó sì lọ bá ọmọ mi ní Àkúrẹ́, kí n máa jókòó sí ìyẹ̀wù bí àpò ìrẹsì. Ṣé ìwọ ni yóò tún un ṣe, àbí kí n wá ẹlòmíràn?”

Mo ní èmi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé bí n kò bá mọ ohun tó pa àwọn ẹ̀dá yẹn, tí ẹ̀rọ mi sì tún pa òmíràn, n ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ṣí ìwé mi, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ nípa àpótí náà. Ọ̀gá Ajílóre ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ì bá sọ: kí n lọ wo ẹrù. Mo mú gílóòbù kan tí ẹnikẹ́ni kò tàn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ̀n ọ́n. Mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìdènà kankan tó ń dí iná lọ́nà nínú rẹ̀, àfi bí ẹni pé wáyà fara kan wáyà. Mo tan gílóòbù kan náà títí ó fi gbóná, mo pa á, mo sáré wọ̀n ọ́n: ìdènà rẹ̀ ti lọ sókè gan-an, ó sì ń wálẹ̀ lójú mi bí ó ti ń tutù.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wọn gílóòbù tútù láyé mi. Wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù, nígbà tí ó bá tutù, kì í dá iná dúró. Ó máa ń gbé nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí yóò máa gbé nígbà tí ó bá gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ó ti gbóná, ó sì ti fara balẹ̀. Gílóòbù tó ti gbóná, tó ti fara balẹ̀, ni mo fi dán àpótí mi wò, torí pé n kò fẹ́ kí ọwọ́ mi tutù. Nínú yàrá adìyẹ, gílóòbù máa ń kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó tún tàn, gbogbo ìgbà tó bá sì tàn ló ń ṣá tíránsísítọ̀ lọ́gbẹ́. Nígbà tí tíránsísítọ̀ kú, kò tì. Bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ já ló rí: ó ṣí sílẹ̀, iná ń wọlé lọ.

Mo rò pé mo ti bọ́. Mo ṣe àpótí kejì, mo fún un ní ìṣọ́: bí iná bá ti pọ̀ jù, kí ó tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo gbé e lọ sí oko ní òwúrọ̀ tútù kan kí òròmọdìyẹ tuntun tó dé. Mo tàn án. Ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo tún tàn án. Ó ṣẹ́jú, ó kú.

Ìyá Tíṣà fi ṣálì bo etí rẹ̀. “Jídé, àpótí yìí bẹ̀rù òtútù ju adìyẹ lọ.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbígbé àkọ́kọ́ tí gílóòbù tútù ń gbé jọ ìjàǹbá lójú àpótí náà. Mo padà sílé, mo fi àyè gbà á díẹ̀ sí i. Ó tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wáyà kan wáyà láti wo bóyá ìṣọ́ náà ṣì ń ṣọ́, tíránsísítọ̀ jó kí ìṣọ́ tó jí. Bí mo bá le, kò ní tàn. Bí mo bá rọ̀, yóò kú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi tán sí, Ìyá Tíṣà sì ní kí wọ́n dá àwọn òròmọdìyẹ tuntun dúró ná.

Nítorí náà ni mo ṣe forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ iná, nítòsí Bauchi Road. Mo lè bí àwọn tó yí mi ká lọ́mọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn dìde fún mi.

“Baba, ṣé ọmọ yín lẹ wá wò ni?”

“Rárá,” mo ní. “Òun ló rán mi wá.”

Olùkọ́ wa ni Malama Ladi, ọmọ Bẹ́rọ̀mù tí kò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, Hausa ni a sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi síwájú rẹ̀. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fò kankan.

“Haba, Baba. Òfin kan ṣoṣo lẹ ṣe fún ìgbà tó tutù àti ìgbà tó gbóná. Ṣé ẹ mọ bí wáyà inú gílóòbù ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú yìí?”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Inú gíláàsì ló wà.”

“Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà tí ẹ tàn án. Ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ pa á. Kí lẹ tún ń wá?”

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gun ọkọ̀ padà sílé, n kò gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì mí ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wọn gílóòbù: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, èyí tó kú fún ìgbà tí a lè mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, Malama Ladi fi hàn mí bí kàpásítọ̀ kékeré kan, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú, ṣe lè rántí gbogbo èyí. Ẹ rò ó bí korobá tó ní ihò nísàlẹ̀. Nígbà tí gílóòbù bá ń tàn, omi ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tí gílóòbù bá kú, omi ń jò jáde. Bí korobá bá ṣófo, a jẹ́ pé wáyà ti tutù, kí àpótí gbà á láàyè láti gbé púpọ̀. Bí omi ti ń kún, kí àyè náà máa dínkù. Bí gílóòbù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó tún tàn, omi ṣì wà nínú korobá, àyè kékeré ni yóò rí gbà. Ohunkóhun tó bá kọjá àyè rẹ̀, kí àpótí tì, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ó lu agogo. Mo tún wá tíránsísítọ̀ méjì tó lágbára jù, tó lè fara da gbígbé àkọ́kọ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í nini lára.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń gbé gílóòbù sí ìta láti àṣálẹ́, kí ọyẹ́ fẹ́ sí wọn títí di òwúrọ̀, kí n tó tàn wọ́n. Mo dán an wò pẹ̀lú tútù, pẹ̀lú gbígbóná, pẹ̀lú lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi wáyà kan wáyà léraléra. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, kí n tó gbé àpótí àti ìwé lọ fún Ìyá Tíṣà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò.

“O fo ọjọ́ Àìkú.”

“Mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá.”

“Òtútù kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mú un lọ, kí o parí rẹ̀.”

Mo mú un lọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, pẹ̀lú Àìkú rẹ̀, kí ó tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Lónìí, wọ́n ń ta tíránsísítọ̀ tó ń ṣọ́ ara rẹ̀; kò ju èékánná lọ, gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta wá ti wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ẹ kò ní láti jìyà tí mo jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tó kú lọ́wọ́ ẹni tó rà á, nítorí pé ìwé rẹ̀ sọ iye tí ó lè gbé, kò sì sọ irú ẹrù tí onítọ̀hún fẹ́ dì lé e. Ẹrù oníná tó ń yí ìwà padà bí ó ti ń gbóná pọ̀ káàkiri, nínú ọkọ̀, nínú ààrò búrẹ́dì, nínú ẹ̀rọ ìpọmi. Ẹni tó bá ní sùúrù láti wọ̀n wọ́n ní tútù àti ní gbígbóná yóò rí iṣẹ́ ṣe. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ọmọdé: mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn òròmọdìyẹ náà dé. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Ọyẹ́ le lọ́dún náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ọ̀sán kan, Ìyá Tíṣà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì gbé àpótí náà lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí i, mo gbé irin ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Sannu da aiki,” ó ní, ó kí mi bí àwọn ará Jos ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. “Agogo rẹ jí mi ní ìdájí. Iná ti kú.”

“Àwọn òròmọdìyẹ ńkọ́, Màmá?”

“Dúró, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo gbé ìkòkò èédú wọlé fún wọn. Lẹ́yìn náà ni mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn gílóòbù. Èkúté ti jẹ ara wáyà méjì, ó fi wọ́n kan ara wọn.”

“Èkúté náà dà?”

“Ó sá. Agogo yẹn bà á lẹ́rù ju bó ṣe bà mí lọ.”

Mo tú àpótí náà. Mo wọn tíránsísítọ̀ méjèèjì, mo tún wọ̀n wọ́n, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó ní ọgbẹ́. Ó ti gba gbogbo òtútù òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàyè, ó sì kọ̀ fún èkúté.

“Wọn kò kú, Màmá,” mo ní.

“Tèmi náà kò kú. Wọ́n ń jẹun bí ọmọ ilé ìwé tó gba ọlidé.”

“Alhaji ńkọ́?”

“Ó wá lánàá. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, mo ní kó máa bá oko tirẹ̀ lọ.” Ó dìde. “Gbé téèpù ìwọ̀n rẹ, kí a lọ wọn yàrá kejì. Mo fẹ́ fi kún wọn.”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé, mo ṣí i, mo sì ń ṣí i lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn rẹ̀.